Iná Ọkọ̀ Tí Ó Ti Pẹ́: Bí A Ṣe Lè Wá Ìdí Àìsàn Rẹ̀ Kí A Tó Náwó

Nínú ẹ̀kọ́ wa ti ọ̀tẹ̀ yìí, a kò ní sọ̀rọ̀ lórí ìwé owó tàbí lórí èlé. Ọ̀rọ̀ iná ọkọ̀ ni a fẹ́ bá yín sọ. Ẹnì kan lè béèrè pé, kí ni ó pa olùbẹ̀wò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù pọ̀ mọ́ iná ọkọ̀? Ìdáhùn wa ni pé inú ìwé owó gan-an ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀.

Ní àsìkò kòkó kan, ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, a lọ yẹ ìwé ẹgbẹ́ kan wò. Ẹgbẹ́ náà ní ọkọ̀ akẹ́rù Peugeot 504 kan tí wọ́n fi ń kó kòkó láti oko wá sí ilé ìkẹ́rùsí. A rí i nínú ìwé ìnáwó pé láàárín oṣù mẹ́ta, wọ́n ti ra bátìrì tuntun, wọ́n ti ra alternator àlòkù, wọ́n ti ra gílóòbù iná iwájú mẹ́rin, wọ́n sì ti san owó iṣẹ́ fún rìwáyà lẹ́ẹ̀mẹta. Gbogbo rìsíìtì pé, akápò kò jẹ kọ́bọ̀. Àwa fúnra wa ti mú kálámù láti fọwọ́ sí ìwé náà, kí a tó ronú béèrè lọ́wọ́ awakọ̀ bóyá iná náà ti wá dára. Ó dáhùn pé, "Ọ̀gá, bí ó ti wà náà ni ó ṣì wà. Ti ọwọ́ òsì kàn ń pọ́n bí ẹyín iná tí ó fẹ́ kú ni."

Ó tún sọ ohun mìíràn fún wa. Ó ní bí òun ti ń ti oko bọ̀ pẹ̀lú ẹrù ní alẹ́ ọjọ́ kan, lọ́rì kan ń bọ̀ níwájú, kò sì fẹ́ ya fún òun rárá. Iná ọwọ́ ọ̀tún nìkan ni awakọ̀ lọ́rì náà rí, ó rò pé alùpùpù ni ó ń gba etí títì lọ, ni ó bá gba àárín ọ̀nà. Bí kì í bá ṣe pé awakọ̀ ẹgbẹ́ já wọ inú koríko, ọ̀rọ̀ ìbá di ẹkún. Ọmọ ẹgbẹ́ méjì ni ó jókòó tì í níwájú ọkọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ẹ ṣe àkíyèsí ibi tí ewu yìí wà. Láti ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972 ni a ti ń wa ọkọ̀ ní apá ọ̀tún ọ̀nà ní Nàìjíríà. Nítorí náà, iná òsì ni ó súnmọ́ àárín ọ̀nà jù. Bí iná òsì bá kú, ìdajì ara ọkọ̀ yín ti wọ inú òkùnkùn fún ẹni tí ń bọ̀ níwájú. Àwọn àgbà ní ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Iná ni ojú ọkọ̀ lóru.

Àgbà rìwáyà kan tí a pè wá ni ó wá ìdí rẹ̀. Kò ra ohunkóhun. Wáyà kan tí ó nípọn ni ó mú, ó fi etí rẹ̀ kan ìdí ilé iná òsì níbi tí ó ti so mọ́ irin ọkọ̀, ó fi etí kejì kan nẹ́gétíìfù bátìrì. Lójú ẹsẹ̀ ni iná òsì mọ́lẹ̀ bíi ti ọ̀tún. Wáyà kúkúrú tí ó so ilé iná náà mọ́ bọ́dì ọkọ̀ ni ó ti dógùn-ún ní ìdí síkúrúù rẹ̀. Sáńdípépà, síkúrúù tuntun kan àti gírísì díẹ̀ ni ó fi parí iṣẹ́ náà, kò sì tó ogún ìṣẹ́jú. Owó tí ẹgbẹ́ ti ná ṣáájú ju èlé tí wọ́n pín fún ọmọ ẹgbẹ́ mẹ́wàá lọ́dún náà lọ.

Àwa kì í ṣe rìwáyà. Ṣùgbọ́n ohun tí a kọ́ lọ́wọ́ àgbà náà, àti ohun tí a ti fi ojú ara wa rí lórí ọkọ̀ tiwa láti ìgbà náà, ni a fẹ́ pín pẹ̀lú yín.

BÍ INÁ TI Ń RÌN NÍNÚ ỌKỌ̀

Nínú ọkọ̀, iná máa ń jáde láti orí pọ́sítíìfù bátìrì, yóò gba inú fíùsì, yóò gba inú súìṣì, yóò sì dé inú gílóòbù. Kò parí síbẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ padà sí nẹ́gétíìfù bátìrì kí gílóòbù tó lè tàn. Nígbà tí ó bá ń padà, kì í sábà gba inú wáyà gígùn mìíràn; irin ara ọkọ̀ ni ó ń gbà. Ibi tí ilé iná tàbí bátìrì ti so mọ́ irin ọkọ̀ yìí ni àwọn rìwáyà ń pè ní ẹ́ẹ̀tì.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ ṣe àpèjúwe. Owó tí akápò yá ọmọ ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ padà wá sínú àpò. Bí ó bá jáde tí kò padà, iṣẹ́ ẹgbẹ́ dúró. Bí ó bá sì ń padà ní díẹ̀díẹ̀, ẹgbẹ́ yóò máa rá pálá ni. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni iná rí. Nínú ọkọ̀ tí ó ti pẹ́, ọ̀nà àbọ̀ ni ó máa ń bàjẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà, nítorí pé òjò, ẹrẹ̀ àti ìpáàrà ń bá a jà ní gbogbo ọjọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀nà àlọ nìkan ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń wò. Gílóòbù ni wọ́n ń pààrọ̀ ṣáá.

ÌṢỌ́RA KÍ IṢẸ́ TÓ BẸ̀RẸ̀

Ẹ gbé ọkọ̀ sí ibi tí ó tẹ́jú, ẹ fa bíréèkì ọwọ́, ẹ sì fi òkúta há táyà. Ẹ bọ́ òrùka àti aago ọwọ́. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mu sìgá tàbí tan ìṣáná nítòsí bátìrì, nítorí pé afẹ́fẹ́ tí ń jáde láti inú rẹ̀ nígbà tí ó bá ń gba iná lè gbiná kí ó sì bú gbàmù. Omi inú bátìrì máa ń jó ara àti aṣọ. Bí ó bá ta sí ara yín, omi púpọ̀ ni kí ẹ fi ṣan án kíákíá. Bí ẹ bá fẹ́ tú wáyà tàbí súìṣì palẹ̀, ẹ kọ́kọ́ yọ orí nẹ́gétíìfù bátìrì kúrò. Bí ó bá jẹ́ àyẹ̀wò nìkan ni, ẹ lè fi í sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí wáyà kankan láti orí pọ́sítíìfù kan irin ọkọ̀.

Ẹ wo orí gílóòbù pẹ̀lú. Volt 12 ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ tí a ní. Ṣùgbọ́n àwọn ọkọ̀ Volkswagen tí a ń pè ní Ìjàpá, èyí tí wọ́n ṣe láyé àtijọ́, volt 6 ni púpọ̀ nínú wọn ń lò. Gílóòbù volt 6 kò ní pẹ́ jó lórí bátìrì volt 12; gílóòbù volt 12 yóò sì máa pọ́n lásán lórí bátìrì volt 6.

ÌBÉÈRÈ NI KÍ Ẹ FI BẸ̀RẸ̀

Kí ẹ tó mú irinṣẹ́ kankan, ẹ tan gbogbo iná, kí ẹnì kan dúró níwájú, kí ó sì tún lọ sí ẹ̀yìn, kí ó máa sọ ohun tí ó rí. Ìdáhùn yóò fi ọ̀nà hàn yín.

1. Ṣé gbogbo iná ni kò mọ́lẹ̀ dáadáa, tàbí tí ó kú pátápátá? Ibi tí gbogbo wọn ti pàdé ni ẹ ó kọ́kọ́ wò: bátìrì, orí bátìrì méjèèjì, àti wáyà ńlá tí ó so nẹ́gétíìfù mọ́ bọ́dì àti ẹ́ńjìnì. Bí ẹ bá rí ohun funfun tàbí aláwọ̀ ewé tí ó hù sí orí bátìrì, ẹ yọ ọ́, ẹ fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́, ẹ fi sáńdípépà họ ọ́, ẹ dè é le, kí ẹ sì fi gírísì pa á lójú.

2. Ṣé ẹ̀gbẹ́ kan ni kò mọ́lẹ̀, tí èkejì sì dára? Ẹ fi bátìrì àti alternator sílẹ̀, nítorí pé àwọn ni ó ń bọ́ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Gílóòbù ẹ̀gbẹ́ náà, ilé rẹ̀, fíùsì rẹ̀ bí ó bá dá ní, àti ẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ni kí ẹ wò. Bí ẹgbẹ́ tí a sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá ti béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo yìí ni, wọn kì bá tí ra alternator.

3. Ṣé iná díìmù ni kò tàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, tí fúùlù sì ń tàn? Ẹ wo fíùsì díìmù àti súìṣì tí a fi ń yí i. Ṣùgbọ́n ẹ yẹ gílóòbù méjèèjì wò pẹ̀lú, nítorí òwú iná inú wọn lè já lẹ́yìn ara wọn kí ẹnikẹ́ni má mọ̀.

4. Ṣé bí ẹ bá tẹ bíréèkì, iná mìíràn ni ó ń tàn fírífírí? Tàbí bí ẹ bá tan tiráfíkétọ̀, ṣé iná ẹ̀yìn ń bá a ṣẹ́jú? Èyí fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní ìtumọ̀ méjì: ẹ́ẹ̀tì ilé iná náà ti bàjẹ́. Iná kò rí ọ̀nà tirẹ̀ gbà padà, ni ó bá gba inú gílóòbù aládùúgbò rẹ̀ kọjá.

INÁ ÀYẸ̀WÒ TÍ Ẹ LÈ FI ỌWỌ́ ARA YÍN ṢE

Ẹ wá gílóòbù volt 12 tí ó jẹ́ watt 21, irú èyí tí a ń fi sí iná bíréèkì, pẹ̀lú ilé rẹ̀. Ẹ so wáyà méjì mọ́ ọn, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn tó apá ènìyàn. Ẹ fi kílíìpù eléyín sí etí ọ̀kan, ẹ so ìṣó tín-ín-rín mọ́ etí èkejì, kí ẹ sì fi téèpù wé e títí ó fi ku ṣóńṣó rẹ̀ nìkan síta. Irinṣẹ́ yín ti parí nìyẹn.

Láti yẹ ọ̀nà àlọ wò: ẹ fi kílíìpù sí nẹ́gétíìfù bátìrì. Ẹ tan súìṣì iná. Ẹ fi ìṣó kan ojú ibi tí wáyà ti wọ ilé gílóòbù. Bí iná àyẹ̀wò bá mọ́lẹ̀ kedere, iná ń dé ibẹ̀. Àléébù wà nínú gílóòbù tàbí nínú ẹ́ẹ̀tì. Bí kò bá tàn, ẹ máa padà sẹ́yìn: ẹ dé orí súìṣì, ẹ dé orí fíùsì, ẹ kan ẹ̀gbẹ́ méjèèjì fíùsì. Àléébù wà láàárín ibi tí ó ti tàn kẹ́yìn àti ibi tí kò ti tàn. Ẹ má ṣe fò kọjá; ẹsẹ̀ kan lẹ́yìn èkejì ni.

Láti yẹ ọ̀nà àbọ̀ wò: ẹ gbé kílíìpù lọ sí pọ́sítíìfù bátìrì. Ẹ fi ìṣó kan ìdí ẹ́ẹ̀tì ilé iná náà. Bí ó bá mọ́lẹ̀ bí ìgbà tí ẹ fi kan nẹ́gétíìfù bátìrì fúnra rẹ̀, ẹ́ẹ̀tì dára. Bí ó bá ń pọ́n, tàbí tí kò tàn rárá, ẹ ti rí ọ̀tá yín. Ìdí tí a fi ní kí ẹ lo gílóòbù watt 21 ni pé èyí tí ó kéré gan-an lè mọ́lẹ̀ lórí ẹ́ẹ̀tì tí kò lè gbé ẹrù iná iwájú.

Àwọn tí ó ní mítà lè ṣe é bẹ́ẹ̀ náà. Bátìrì tí ó kún, tí ọkọ̀ sì ti sinmi, yóò fi nǹkan bíi volt 12.6 hàn, bí ó bá wálẹ̀ sí volt 12, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo. Bí ẹ́ńjìnì bá ń ṣiṣẹ́, ó yẹ kí ó wà láàárín volt 13.8 sí 14.4. Bí ó bá kọjá 15, alternator ń fún bátìrì ní àjẹjù, èyí tí ó máa ń jẹ́ kí gílóòbù jó lemọ́lemọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ tan iná iwájú, ẹ fi ẹsẹ̀ mítà kan kan ìdí ẹ́ẹ̀tì gílóòbù, ẹ fi èkejì kan nẹ́gétíìfù bátìrì. Bí mítà bá fi ju ààbọ̀ volt hàn, ẹ́ẹ̀tì náà ń fẹ́ ìtọ́jú.

ÌṢIRÒ FÍÙSÌ ÀTI GÍLÓÒBÙ

Ìṣirò yìí kò le ju ti èlé lọ. Ẹ pín watt sí volt, ẹ ó rí amp. Gílóòbù iná iwájú àtijọ́ tí ó jẹ́ watt 45, méjì rẹ̀ jẹ́ 90. Ẹ pín 90 sí 12, ó jẹ́ amp 7.5. Gílóòbù halogen tí ó jẹ́ watt 60, méjì rẹ̀ jẹ́ 120, èyí sì jẹ́ amp 10. Àwọn kan máa ń ra ti watt 100 nítorí pé wọ́n fẹ́ kí iná pọ̀. Méjì rẹ̀ jẹ́ 200, ó sì ju amp 16 lọ. Wáyà àti súìṣì tí wọ́n ṣe fún amp 7.5 ni ẹ fẹ́ fi gbé ẹrù tí ó ju ìlọ́po méjì rẹ̀ lọ yẹn! Súìṣì yóò yọ́, wáyà yóò sì jó sínú dáṣíbọ́ọ̀dù.

Ẹni tí ó bá fẹ́ iná tí ó lágbára gbọ́dọ̀ fi rìléè sí i. Iṣẹ́ rìléè dàbí ètò tí a ní nínú ẹgbẹ́: alága kì í gbé owó, àṣẹ ni ó ń pa, akápò ni ó ń sanwó. Súìṣì yóò máa pàṣẹ pẹ̀lú iná kékeré, rìléè yóò sì máa gbé iná ńlá tààrà láti bátìrì lọ sí gílóòbù nínú wáyà tí ó nípọn, tí ó sì ní fíùsì tirẹ̀.

Ní ti fíùsì, ẹ má ṣe fi wáyà tàbí bébà inú páálí sìgá dípò rẹ̀ láéláé. Fíùsì tí ó jó ń sọ fún yín pé wáyà kan ti bó, ó sì ń kan irin ọkọ̀ níbì kan. Bí ẹ bá pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan tí ó tún jó, ẹ má ṣe fi èyí tí ó lágbára jù ú lọ síbẹ̀. Ẹ wá ibi tí wáyà ti bó: níbi tí ó ti gba inú ihò irin kọjá, lábẹ́ ìbòrí ẹ̀yìn ọkọ̀, tàbí níbi tí ẹrù ti ń rà á. Àwọn fíùsì onítáńganran tí ó wà nínú ọkọ̀ Ìjàpá ní àwọ̀ tí a fi ń dá wọn mọ̀: funfun jẹ́ amp 8, pupa jẹ́ amp 16. Ẹ fi funfun rọ́pò funfun, kí ẹ sì fi pupa rọ́pò pupa.

Nígbà tí ẹ bá ń fi gílóòbù halogen sí i, ẹ má ṣe fi ìka lásán kan gíláàsì rẹ̀. Òróró ara ènìyàn tí ó bá lẹ̀ mọ́ ọn yóò jẹ́ kí ó gbóná jù lójú kan, kò sì ní pẹ́ bàjẹ́. Ìdí irin rẹ̀ ni kí ẹ mú.

TIRÁFÍKÉTỌ̀ ÀTI INÁ BÍRÉÈKÌ

Bí tiráfíkétọ̀ ẹ̀gbẹ́ kan bá ń ṣẹ́jú kíákíá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tàbí tí ó tàn láì ṣẹ́jú, ẹ wo gílóòbù ẹ̀gbẹ́ náà kí ẹ tó ra fláṣà. Fláṣà àtijọ́ ń ṣiṣẹ́ ní ìbámu pẹ̀lú ẹrù gílóòbù watt 21 méjì. Bí ọ̀kan bá jó, ẹrù dínkù, ìṣẹ́jú rẹ̀ a sì yí padà. Ìdí kan náà ni ó fi jẹ́ pé bí ẹ bá fi gílóòbù LED ti òde òní dípò rẹ̀, fláṣà àtijọ́ lè má ṣiṣẹ́ dáadáa. Fláṣà tí wọ́n ṣe fún LED ni kí ẹ rà pẹ̀lú rẹ̀.

Bí iná bíréèkì kò bá tàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, tí iná ẹ̀yìn yòókù sì dára, ẹ wo fíùsì rẹ̀ àti súìṣì kékeré tí bíréèkì ń tẹ̀. Ẹ má ṣe fi ọ̀rọ̀ yìí falẹ̀. Ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn yín kò mọ̀ pé ẹ ti dúró.

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ ẸGBẸ́ ṢE

Ìwé owó tí ó pé kò ní kí owó má ṣòfò. Ẹ̀kọ́ tí àwa olùbẹ̀wò kọ́ lọ́jọ́ náà nìyẹn. Nítorí náà, a gba ẹgbẹ́ tí ó ní ọkọ̀ ní ìmọ̀ràn pé:

Ìgbìmọ̀ kò gbọdọ̀ fọwọ́ sí owó ohun èlò títí rìwáyà yóò fi sọ àyẹ̀wò tí ó ṣe àti ohun tí ó rí. "Mo rò pé alternator ni" kì í ṣe àyẹ̀wò.

Kí wọ́n dá ohun èlò àtijọ́ padà fún ẹgbẹ́, kí akọ̀wé sì kọ ọ́ sínú ìwé ọkọ̀ pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Bí ohun kan náà bá bàjẹ́ lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù mélòó kan, ohun mìíràn ni ó ń bà á jẹ́.

Kí ọkọ̀ má ṣe jáde lóru láìjẹ́ pé ènìyàn méjì ti yẹ iná rẹ̀ wò: ọ̀kan lórí ìjókòó, ọ̀kan ní ìta. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Kí awakọ̀ sì ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé òun kò lọ bí iná kò bá pé, kí ẹnikẹ́ni má sì bínú sí i.

Kí ẹgbẹ́ tọ́jú iná àyẹ̀wò kan, sáńdípépà, fíùsì àti gílóòbù díẹ̀ sínú ọkọ̀.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ NÍ ÌPÀDÉ

1. Kí ni ìdí tí kò fi yẹ kí a ra alternator bí ó bá jẹ́ pé iná ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni kò mọ́lẹ̀?

2. Gílóòbù watt 55 méjì lórí bátìrì volt 12, amp mélòó ni wọn yóò gbà?

3. Ta ni ó ń yẹ iná ọkọ̀ ẹgbẹ́ wa wò, ìgbà wo ni ó sì yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́yìn? Bí kò bá sí ẹni tí ó lè dáhùn èyí, ẹ yan ẹnì kan kí ìpàdé tó túká.

Ọkọ̀ 504 tí a sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣì ń kó kòkó ní ìgbà tí a lọ síbẹ̀ kẹ́yìn. Awakọ̀ náà tan iná rẹ̀ fún wa ní ọ̀sán gangan, òsì àti ọ̀tún, kí ó tó kí wa káàbọ̀. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Ẹ jẹ́ kí a fi ọwọ́ kan náà ṣọ́ owó wa àti ẹ̀mí ara wa.